Ẹnu-ọ̀nà tí kò gba sìmẹ́ńtì: ta ni ilé-ìkàwé ìjọba ń kí káàbọ̀ lórí ayélujára?

Ní ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ kíkọ́ olú ilé fún Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ ní Abuja. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn nígbà náà lé ní ₦8 bílíọ̀nù, kò sì yẹ kí iṣẹ́ náà ju bí ọdún méjì lọ. Ìgbà Ọbásanjọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá lọ́wọ́ Yar'Adua, ó kọjá lọ́wọ́ Jonathan, ó kọjá lọ́wọ́ Buhari, ó sì bá Tinúbú lórí àlééfà láìparí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, pé ẹni ọdún 65, ó rọ àwọn tí ó fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn pé kí wọ́n fi owó náà ṣe ìrànwọ́ fún píparí ilé yìí. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn bèèrè ohun tí ó mú kí ilé-ìkàwé odindi orílẹ̀-èdè di ohun tí a ń fi owó ọjọ́ ìbí kọ́. Àríyànjiyàn náà gbóná, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tọ̀tún-tòsì jọ gbà láìsọ ọ́ síta: pé bílọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni ilé-ìkàwé.

Ilé-ìkàwé ní ẹnu-ọ̀nà kejì lónìí. Ẹnu-ọ̀nà náà wà nínú fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé káàkiri ní Maiduguri, tí aránṣọ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, tí olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò ká a lápá ń fi wo aago ní Lokoja. Kò gba ilẹ̀, kò gba ìwé ilẹ̀, agbaṣẹ́ṣe kò sì lè pa á tì ní ìdajì ọ̀nà kí ó lọ gba iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlú jẹ lógún máa béèrè ni bóyá ẹnu-ọ̀nà yẹn ṣí. Bí ó bá sì ṣí, irú ojú wo ni wọ́n fi ń wo ẹni tí ó bá yọjú?

Nílé Yorùbá, àlejò kì í dé kí a kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ káàbọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. A ó fi àga lọ̀ ọ́, a ó bu omi fún un, lẹ́yìn náà ni a ó tó béèrè ohun tí ó gbé e dé. Hausa a máa kí tirẹ̀ ní *sannu da zuwa*, Igbo a máa sọ *nnọọ* kí obì tó jáde. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ilé-ìkàwé ìjọba ni ó dorí ètò yìí kodò. Orúkọ, nọ́ńbà NIN, ímeèlì, fọ́tò pélébé, orúkọ oníduùró: kí àlejò tó mọ̀ bóyá ìwé tí ó ń wá tilẹ̀ wà nílé, wọ́n ti ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí kò bá sì ní ímeèlì, ilẹ̀kùn ti ti mọ́ ọn nìyẹn.

Kì í ṣe òní ni irú ìwà yìí bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Lagos Library sílẹ̀ ní 1932 pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Carnegie Corporation ti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá san owó ọmọ-ẹgbẹ́ ni ó lè yá ìwé níbẹ̀, àwọn òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Owó náà, àti ojú tí wọn yóò fi wo ọmọ Èkó tí ó bá wọlé, ti tó láti dá a dúró sẹ́nu géètì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rí àléébù náà. Ní 1953, UNESCO pe àwọn onímọ̀ jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò bí ilé-ìkàwé fún tolówó-tálákà yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀kan nínú èso ìjíròrò náà ni ilé-ìkàwé àwòkọ́ṣe tí wọ́n ṣí ní Enugu ní 1959 fún ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Wọn kò fi ilé nìkan ṣe é. Ọkọ̀ ìkàwé wà nínú ètò wọn, ọkọ̀ tí wọ́n to ìwé sí tí ó ń tọ àwọn òǹkàwé lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé.

Ìkànnì ayélujára ni ọkọ̀ yẹn lóde òní. Àfi pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ti ìsinsìnyí ni ó wà ní ìgbọ́kọ̀sí, tí ilẹ̀kùn wọn tì gbọn-in, tí wọ́n sì lẹ àwòrán gómìnà mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ àwòrán gómìnà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé owó òǹkàwé ni ó ń jẹ. Ìwé olójú-ewé 200 tí ó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀, tí kò sí àwòrán nínú rẹ̀, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì MB lọ. Àwòrán ńlá kan ṣoṣo tí ó ti inú kámẹ́rà bọ́ sórí ìkànnì láìjẹ́ pé ẹnì kan dín in kù lè wọn MB mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí já sí pé ẹni tí ó wá ka ìwé yóò kọ́kọ́ fi dátà tí ó tó ìwé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá wo ẹ̀rín ọ̀gá kí ó tó dé ibi tí ìwé wà. Ní oṣù Kíní ọdún 2025 ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Láti ìgbà náà, mẹ̀kúnnù ń ṣírò dátà bí ẹni ń ṣírò iyọ̀. Ètò ìjọba àpapọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ṣèlérí pé yóò tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí 2025 tó parí; ìdajì ni ó ṣì ń rábàbà sí nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin. Ìkànnì tí ó bá wúwo ní irú ìlú báyìí ti yan àwọn tí yóò wọlé.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro tó bí a ṣe rò. Ní 2016, Facebook àti Airtel gbé ètò Free Basics wá sí Nàìjíríà, tí ènìyàn fi lè ṣí àwọn ojú-ewé kan láìná dátà kankan. Àwọn kan bínú sí ètò náà, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àjèjì kan ni yóò máa yan ohun tí tálákà yóò rí, ìbínú wọn sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ohun tí a ń sọ yìí ṣeé ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ aládàáni ti Amẹ́ríkà bá lè bá ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nítorí èrè, kí ni ó dé tí NCC, tí ó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, kò lè bá wọn sọ ọ́ nítorí ilé-ìkàwé?

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà kì í sì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ nìkan. Òfin Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti 1970 pàṣẹ pé kí òǹtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan kó ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tí ó bá tẹ̀ jáde fún ilé náà. Ti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹ̀dà 25, ti ìpínlẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà 10. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni òfin náà dì lọ́wọ́ mú jù, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé ohun tí ìjọba bá tẹ̀ jáde, ti aráàlú ni. Bí ará Yola kan bá fẹ́ ka ìròyìn ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ nípa ìlú rẹ̀, kò yẹ kí ó wọ mọ́tò lọ sí Abuja kí ó tó mọ̀ bóyá ẹ̀dà kan wà níbẹ̀. Láti 2011 ni òfin òmìnira ìròyìn ti wà nílẹ̀. Kí ènìyàn lo òfin yẹn, àfi kí ó kọ lẹ́tà, kí ó dúró, nígbà mìíràn kí ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ilé-ìkàwé tí ó gbé àwọn ìwé ìjọba wọ̀nyí sórí ayélujára, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n rọrùn láti rí, ti gba aráàlú lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yẹn.

Ọ̀rọ̀ rírí yìí ni ó wá kan ibi tí ó dùn jù, èyíinì ni èdè.

D. O. Fágúnwà tẹ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní 1938. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ìwé náà lórí fóònù kò ní fi àmì kankan sí i. *Ogboju ode* ni yóò tẹ̀, nítorí pé bọ́tìnì ojú fóònù rẹ̀ kò fún un ní ẹ àti ọ ní ìrọ̀rùn. Bí òṣìṣẹ́ tí ó kọ orúkọ ìwé náà sínú àkójọ bá fi gbogbo àmì sí i bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ, tí wọn kò sì tíì kọ́ ẹ̀rọ pé kí ó ka *o* àti *ọ̀* sí ọ̀kan nígbà ìwákiri, èsì tí yóò jáde ni pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé náà wà lórí pẹpẹ, eruku ń bò ó. Ohun tí ó ń mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni ó fi ìwé náà pamọ́ fún ọmọ náà láìmọ̀. Èyí tí ó ṣe ìmẹ́lẹ́, tí kò fi àmì kankan sí orúkọ ìwé, ni ọmọ yóò rí tirẹ̀.

Ìṣòro náà tún ní gbòǹgbò nísàlẹ̀. Lẹ́tà *ẹ́*, tí ojú ń rí bí ẹyọ kan, ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán ni ènìyàn lè gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè mú *ẹ* tí àmì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí *é*, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Ẹnì kẹta lè lo ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán dípò àmì roboto, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti ń ṣe. Lójú òǹkàwé, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Lójú ẹ̀rọ, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn. Hausa náà ní irú ẹ̀ lórí *ɓ*, *ɗ* àti *ƙ*. Igbo ní tirẹ̀ lórí *ị*, *ọ* àti *ụ*. Àwọn èdè tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà nìyẹn. Àwọn èdè kéékèèké tí wọ́n ń sọ ní Plateau tàbí ní Cross River, ta ni ó rántí wọn?

Owó kọ́ ni ó fà á tí èyí fi wà bẹ́ẹ̀. Koha, ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-ìkàwé ní Nàìjíríà ń lò, ọ̀fẹ́ ni. New Zealand ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún ilé-ìkàwé kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí ẹ̀bùn ní èdè Māori. Ẹnikẹ́ni lè tú u palẹ̀ kí ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè tirẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Kí a kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti má fi àmì dá òǹkàwé padà, iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ọlọ́dún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n a kì í gé rìbọ́ọ̀nù fún irú iṣẹ́ yẹn, kò sì sí ibi tí kọmíṣọ́nnà yóò dúró sí kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ òṣèlú wà.

Bí ìwé bá wá di rírí tán, ọ̀rọ̀ ku bí ìkànnì ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ yóò rí ọ̀rọ̀ pupa kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó dà bí ìdájọ́. Kí ló ṣe tí kò lè jẹ́: *Ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ kò bá èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún un gbìyànjú*? Àwọn ìkànnì kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣe ìtumọ̀, tí ẹ̀rọ náà wá ń pe àgbàlagbà ní *o* àti *ìwọ*. Baba ẹni 70 ọdún tí ó fẹ́ yá ìwé yóò rò pé ọmọ kan ń rí òun fín. Kò yẹ kí ìyẹn gba ìpàdé kankan. Kí ìkànnì máa pe gbogbo ènìyàn ní *ẹ*. Ọmọdé tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ kò ní bínú; inú rẹ̀ yóò tilẹ̀ dùn.

Yorùbá sọ pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí ẹni tí a ó bi. Púpọ̀ nínú ìkànnì ìjọba ni ó ní ojú-ewé tí wọ́n pè ní *Contact Us*, tí nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ kì í wọlé, tí lẹ́tà tí a bá fi ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀ yóò sì bọ́ sínú kànga. Orí WhatsApp ni àwọn ọmọ Nàìjíríà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọjà, tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ìdílé, tí àwọn olóṣèlú pàápàá ti ń wá ìbò. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ìtẹríba, tí ìjọba fún ní fóònù kan àti dátà oṣooṣù, tí wọ́n sì kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ síta láìparọ́, yóò wúlò fún àwọn òǹkàwé ìpínlẹ̀ kan ju ogún kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi aṣọ bò nínú yàrá lọ. Bí kò bá sí níbi iṣẹ́, kí ó wí bẹ́ẹ̀. Bí ìkànnì bá bàjẹ́, kí wọ́n sọ pé ó bàjẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára kọlu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jí àkọsílẹ̀ kó, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé náà sì dúró fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ìkàwé náà kọ ìròyìn gígùn jáde nípa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ibi tí àléébù tiwọn wà. Ìtìjú ni wọ́n gbé wọ̀ ní gbangba, àwọn òǹkàwé wọn sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ìjọba kò lè ní òun kò mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí fóònù rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, nọ́ńbà 55019 ni yóò fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Àwọn báńkì ń lo kóòdù oníràwọ̀ lórí fóònù kékeré tí kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, ìyá tí ń ta tòmátì sì ń fi í gba owó. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, wọ́n mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ dáadáa. Kò sí ìdí kan tí ènìyàn kò fi lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè bóyá ìwé kan wà ní ilé-ìkàwé ìlú rẹ̀, tàbí bóyá ibẹ̀ ṣí lónìí, kí ó tó fi owó mọ́tò ṣòfò.

Nípa àwọn afọ́jú, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, nítorí pé òfin ti sọ ọ́ tán. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo àwọn tí ó ní ìpèníjà ara ní oṣù Kíní ọdún 2019. Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn Marrakesh láti 2017, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sì fàyè gba kí a ṣe ìwé ní ìlànà tí afọ́jú lè lò. Síbẹ̀, àwòrán ojú-ewé ìwé ni ọ̀pọ̀ ibi ń gbé síta, àwòrán ìkéde ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ Facebook. Ẹ̀rọ tí ń kàwé sétí afọ́jú kì í rí nǹkan kà nínú àwòrán bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Èyí tí ó yẹ kí àwọn tí ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òṣèlú fún ní àfiyèsí jù ni ohun tí ilé-ìkàwé mọ̀ nípa òǹkàwé rẹ̀. Ìwé tí ènìyàn ń kà ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ìdìbò rẹ̀ lọ. Obìnrin tí ọkọ ń lù tí ó ń wá ìwé lórí ìkọ̀sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ka òfin ìyanṣẹ́lódì, ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìtàn ogun abẹ́lé 1967 sí 1970: kò sí èyí tí ó yẹ kí ọ̀gá kankan mọ orúkọ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i ní 2020 pé kí wọ́n ti àpò owó àwọn ènìyàn 19 àti ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ ìwọ́de EndSARS pa, tí ìjọba sì ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kíní 2022, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbàgbé pé àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà nítorí nǹkan kan lè di ohun ìjà nítorí òmíràn. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé ohun tí iṣẹ́ kan nílò nìkan ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Kí ni ilé-ìkàwé fẹ́ fi NIN ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ka ìwé lórí ìkànnì, tí kò gbé ohunkóhun lọ sílé?

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé níbòmíràn ti fi ara jìyà nítorí èyí. Ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, àwọn mẹ́rin nínú wọn gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ ní 2005 nígbà tí FBI pàṣẹ pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn tí ó lo kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé sílẹ̀, tí wọ́n sì tún ní wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba jáwọ́. Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ń kó ìwé kúrò ní ilé-ìkàwé ilé-ìwé, ilé-ìkàwé Brooklyn kéde ní oṣù Kẹrin 2022 pé ọ̀dọ́ èyíkéyìí láti ọdún 13 sí 21, níbikíbi tí ó bá wà ní Amẹ́ríkà, lè fi ímeèlì béèrè káàdì ọ̀fẹ́ kí ó sì máa ka ìwé orí ayélujára wọn. Wọn kò béèrè oníduùró.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ilé kọ́kọ́ wà ná. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ tí ó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà nílò àga, tábìlì, iná àti ìdákẹ́jẹ́, fóònù kò sì lè fún un ní èyíkéyìí nínú wọn. Ghana mú méjèèjì pọ̀: ilé-ìkàwé ìjọba wọn tí ó jẹ́ nǹkan bí 60 ní 2017 kọjá 100 láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n sì ṣe áàpù tí aráàlú fi ń kàwé lórí fóònù. Ní Nàìjíríà, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí aṣòfin kọ yàrá kan sí àgbègbè rẹ̀, kí ó kọ *e-library* sára ògiri, kí ó fi jẹnẹrétọ̀ sí i, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀ lọ́jọ́ tí epo bá tán. Láti 2019 ni ICPC ti ń tọpinpin irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá yàrá wà ni wọ́n ń wò, bóyá kọ̀ǹpútà pé iye. Kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà bóyá ẹnì kan rí ìwé gbà níbẹ̀.

Àjọ tí ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé sílẹ̀, LRCN, ní agbára láti fi ìlànà lélẹ̀ lórí gbogbo èyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó di àpò owó mú ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn jù. Ọdọọdún, kí ọdún tó parí, àwọn alákòóso ilé-ìkàwé ìpínlẹ̀ ń wá síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti gbèjà àbá ìṣúná wọn. Lọ́jọ́ yẹn, kí alága ìgbìmọ̀ yọ fóònù tirẹ̀ jáde, kí ó tan dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, kí ó ṣí ìkànnì ilé-ìkàwé náà láìjẹ́ kí akọ̀wé rẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Kí ó tẹ orúkọ ìwé kan ní èdè abínibí rẹ̀, láìfi àmì sí i, kí ó sì wò ó bóyá yóò rí i. Lẹ́yìn náà kí ó fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí aráàlú lásán. Kí gbogbo ìgbìmọ̀ jókòó dúró de èsì rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ojú-ewé tí owó ilé tuntun wà.